Kí Ọmọ Tó Gun Alùpùpù Wọ Aṣálẹ̀

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti ń dá owó ilé san, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ fi ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ jókòó sílé mọ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 26, wà nínú wọn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń gbèrò láti gun alùpùpù kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n la Sípéènì kọjá, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi bọ́ sí Mòrókò, kí wọ́n gun òkè Atlas, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Merzouga níbi tí òkìtì iyanrìn Sàhárà ti ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ.

Mo mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí mọ ohun tí ọ̀kadà fi ojú àwọn ìdílé rí. Bí a bá dárúkọ ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì lásán, àyà ìyá ọmọ á já. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, inú ọ̀pọ̀ òbí tí mo mọ̀ dùn. Pẹ̀lú irú nǹkan tí ojú wa ti rí yìí, ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ gun alùpùpù gba orí òkè nílùú onílùú tí kò ní kọ́kọ́ pariwo? Màmá mi ní Ìbàdàn gbọ́, ohun tí wọ́n sì bi mí ni pé ṣé kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ ibẹ̀ ni.

Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, àwọn òbí kan á ní láéláé, kò ní ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú àwọn ṣì là. Àwọn mìíràn á ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ," wọ́n á sì gba ilé ìsìn lọ. Ẹni tó bá fi ipá dí ọmọ ọdún 26 lọ́nà, ọmọ náà á lọ. Òbí ni kò ní mọ ọ̀nà tó gbà. Ẹni tó bá sì fi gbogbo rẹ̀ lé àdúrà lọ́wọ́ ti gbàgbé pé Ọlọ́run fún òun náà ní ẹnu àti làákàyè. Èmi náà ń gbàdúrà, mi ò sì ní yéé gbà á. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ìgbà tí máàpù ṣì wà lórí tábìlì ni ọwọ́ òbí ṣì tó ọ̀rọ̀ náà. Bí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn lọ sí Sípéènì bá ti ṣí ní Portsmouth, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kí á má sì tan ara wa pé ohun tí kò ṣeé ṣe ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lórí alùpùpù. Ó gba Mòrókò, ó la Sàhárà kọjá, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Ìrìn ọjọ́ 41 ni, ó lé ní 12,000 kìlómítà, ogun àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló sì torí rẹ̀ rìn ín. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn, nínú oṣù kejìlá ọdún 1934, obìnrin méjì, Florence Blenkiron àti Theresa Wallach, gun alùpùpù kan tí wọ́n so àga ẹ̀gbẹ́ mọ́ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n la Sàhárà já, wọ́n gba Kánò, wọ́n sì dé Cape Town lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo sọ ìtàn àwọn méjèèjì fún màmá mi, nítorí wọ́n ní kò tọ́ sí obìnrin. Obìnrin ti ṣe é kí wọ́n tó bí àwa.

Nítorí náà, èmi àti bàbá rẹ̀ pe ọmọ wa jókòó. A ní kó kó gbogbo ètò rẹ̀ wá ká jọ wò ó. Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nínú ohun tí a bá níbẹ̀, nítorí mo rí i pé ohun tí a fi tọ́ wọn láti kékeré ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí a kò fojú sí, ó sì ku ohun kan tí a kò tíì fi kọ́ wọn tó.

Oṣù kẹjọ ló kọ́kọ́ fi ìrìn náà sí, torí ìgbà náà ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ máa ń tètè fún wọn láyè. Bàbá rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kó lọ wò ó bí Merzouga ṣe máa ń rí nínú oṣù kẹjọ. Òun fúnra rẹ̀ lọ wá a, òun fúnra rẹ̀ ló sì padà wá sọ pé ooru ọ̀sán ibẹ̀ nígbà náà máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ooru aṣálẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Bí oòrùn bá mú ní Ìbàdàn, òógùn á máa ṣàn lára ènìyàn, á mọ̀ pé omi ń jáde. Ní aṣálẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, alùpùpù sì ń sáré, òógùn á ti gbẹ kó tó hàn lára aṣọ. Ẹni náà á rò pé ara òun dá, bẹ́ẹ̀ ni omi ara rẹ̀ ń tán lọ. Orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, òye á máa kúrò díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ tó yẹ kó tẹ bíréèkì kíá á máa lọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti gbóná ju ara ènìyàn lọ, ṣíṣí jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbayawu kò tuni lára mọ́. Iná ló ń fẹ́ sí àyà. Àwọn tó mọ ìrìn náà máa ń ki ṣẹ́ẹ̀tì abẹ́ bọ omi, wọ́n á wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní tútù, wọ́n á wá pa jákẹ́ẹ̀tì dé lé e. Wọ́n á máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ọmọ tí a kò bá là á yé báyìí, bí a bá ní kó mu omi dáadáa, á rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Òkè náà ní tirẹ̀. Marrakech fi nǹkan bí 460 mítà ga ju òkun lọ. Ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sí Ouarzazate gba orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Tizi n'Tichka, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,260 mítà. Bí a bá ti ń fi 1,000 mítà gòkè, ooru máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 tàbí 7 dín kù. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n 30 sílẹ̀ ní Marrakech lè bá 18 pàdé lókè, kí ó sì tún wá fi eré alùpùpù gba atẹ́gùn sára. Nígbà òtútù, yìnyín máa ń bo ibẹ̀ débi pé wọ́n ń gbé igi dí ọ̀nà láti ìsàlẹ̀. Àpò ẹrù tó kéré náà ló gbọ́dọ̀ gba aṣọ ooru àti aṣọ òtútù. Nítorí ooru àti òtútù yìí, wọ́n gbé ìrìn náà sí oṣù kẹwàá, ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ìbéèrè kan tún wà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó kò lè rántí bi í, ìyẹn ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Bí ọmọ yín bá jẹ́ SS, ẹ má jẹ́ kó gbéra láìrí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Òtútù, àìmu omi tó, àti orí òkè tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ lè dá ìrora tí àwọn SS máa ń ní sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì wà lójú ọ̀nà yìí. Ẹni tó jẹ́ AS pàápàá, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ fi omi ṣeré nígbà tó bá ń fi gbogbo agbára gbé alùpùpù tó ṣubú sínú iyanrìn lábẹ́ oòrùn. Ọmọ wa kọ jẹ́nótáìpù rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà àti nọ́ńbà fóònù wa sórí ìwé pélébé kan. Ó kọ ọ́ ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Faransé ni ọ̀pọ̀ dókítà ibẹ̀ ń lò lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi í sínú àpò àyà jákẹ́ẹ̀tì. Inú fóònù kò dára fún irú ìwé bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá bá ọmọ lórí ilẹ̀ kò ní lè ṣí fóònù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò le púpọ̀, kìkì kí ọmọ má fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn náà. Ẹni tó ní páásìpọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lè lo 90 ọjọ́ ní Mòrókò láìgba físà. Ẹni tó bá ń lo ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó kúrò nílé. Inṣọ́ránsì ni kí ẹ ní kó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọ̀pọ̀ inṣọ́ránsì ìrìn-àjò kì í sanwó fún ẹni tó fara pa lórí alùpùpù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ju 125 lọ, àfi tí ó bá ti sọ fún wọn ṣáájú, tí ó sì san owó lé e. Èyí tó ní òun kárí Yúróòpù lè má kan Mòrókò rárá. Ohun kan tún wà tí kò yé mi àfi ìgbà tí ọmọ náà ṣàlàyé rẹ̀: ní ẹnubodè, àwọn aṣọ́bodè máa ń kọ alùpùpù náà mọ́ orúkọ ẹni tó gùn ún wọlé. Bí ó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kò lè fi í sílẹ̀ kó wọ bàálù padà wálé bó ṣe wù ú, torí ó gbọ́dọ̀ mú ohun tó mú wọlé jáde. Ìdí nìyí tí ètò gbígbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ tó kan Mòrókò gan-an fi ṣe pàtàkì ju àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń kó sára alùpùpù lọ. Ẹ sì ní kí wọ́n fi dúróònù sílé, wọn kì í jẹ́ kó wọlé.

"Má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù." Kò sí òbí Yorùbá tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí ní pápákọ̀ òfurufú. Ó wúlò jù lọ́nà yìí. Lápá àríwá Mòrókò, ní òkè Rif, igbó ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbìn. Òfin ọdún 2021 gbà á láyè fún oògùn àti iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ nìkan. Títà á lójú pópó tàbí gbígbé e sọdá ẹnubodè jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Àpò alùpùpù sì máa ń wà níta gbangba, ara ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, kò rí bí búùtù mọ́tò tí a ń tì pa. Ẹni tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì tó gbé alùpùpù síta gbọ́dọ̀ tú gbogbo àpò náà wò kó tó wọ èbúté Tanger Med. Ọmọ wa ní òun ti gbọ́. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti ìwà láàrin àwọn ará abúlé, ọkàn mi balẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn Amazigh ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn abúlé orí òkè Atlas, láti ọdún 2011 ni òfin orílẹ̀-èdè náà sì ti sọ èdè wọn di èdè ìjọba pẹ̀lú Lárúbáwá. Ilé tí wọ́n bá ti wọ̀, tíì gbígbóná tí wọ́n fi ewé míńtì sè ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé wá. Ọmọ tí a tọ́ nílé Yorùbá kò nílò ìwé kankan láti mọ ohun tó yẹ kó ṣe níbẹ̀. Ó mọ̀ pé kí òun bọ́ akoto kúrò lórí kí òun tó kí àgbàlagbà. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan. Bí kò tilẹ̀ wù ú, ó mọ̀ pé a kì í wo ojú ẹni tó ṣe wá lálejò ká sọ pé a ò ní tọ́ ọ wò. Sàláàmù tí àwọn Mùsùlùmí wa ń kí ara wọn nílé ni wọ́n ń kí níbẹ̀ náà, ẹni tó bá fi í ṣáájú ọ̀rọ̀ á sì rí i bí ojú àwọn ènìyàn ṣe máa ń tú ká.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ ni fóònù tí wọ́n ń fi ya fọ́tò. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ilẹ̀ mì tìtì ní òkè Atlas yìí gan-an, lápá gúúsù Marrakech. Agbára rẹ̀ tó 6.8, àwọn tó kú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Ilé amọ̀ àti òkúta tí àwọn bàbá ńlá wọn kọ́ ló wó lé wọn lórí lójú oorun. Ẹni tó bá ń gun alùpùpù kọjá lè rí ògiri tó wó, kó rò pé ibi tó dára láti ya fọ́tò ni. Mo sọ fún un pé: o ò mọ iye òkú tó jáde nínú ilé yẹn. Sọ kalẹ̀, kí wọn, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kí o gbọ́, bí wọn kò bá fẹ́ kí o máa lọ. Ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Bí o bá máa ya ènìyàn, tọrọ àyè. Àwọn ọmọdé máa ń sáré jáde sí etí ọ̀nà láti juwọ́ sí àwọn tó ń gun alùpùpù kọjá. Rora, kí o juwọ́ padà sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sẹ́yìn díẹ̀. Nítòsí Merzouga, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Rissani, àwókù Sijilmasa ṣì wà, ìlú àtijọ́ tí àwọn oníràkúnmí ti ń gbéra la Sàhárà wá sí ìhà tiwa. Ibẹ̀ ni Ibn Battuta ti gbéra lọ sí Mali ní ọdún 1352. Ọmọ Tangier ni, ìlú tí ọmọ mi máa gbà wọ Mòrókò. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó kúrò nílé ní ọdún 1325, ó ń lọ sí Mẹ́kà. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láàyè, ìdágbére náà sì dun tọmọ tòbí. Kò padà fún ọdún 24. Dàmásíkù ló wà ní ọdún 1348 kó tó gbọ́ pé bàbá òun ti kú láti ọdún 15 sẹ́yìn. Nígbà tó wá sún mọ́ ilé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ìgbà náà ti pa ìyá òun, ní oṣù díẹ̀ kó tó dé.

Gbogbo ayé ló ń yin ìrìn rẹ̀, ó sì tọ́ sí ìyìn. Èmi ń ro ti ìyá yẹn. Ọdún 24 tí kò mọ̀ bóyá ọmọ òun ń jẹun. Àwọn ọmọ tiwa ní fóònù lọ́wọ́, wọ́n lè ra síìmù ní èbúté bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ ọmọ mìíràn á wà ní Birmingham tí ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní gbúròó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àdéhùn tí a ṣe kò le. Aago méje alẹ́ ni kó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, ó ti tó kó sọ ìlú tó wà àti ìlú tó ń lọ lọ́la. Nínú oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù, ti Mòrókò àti ti Nàìjíríà kì í yàtọ̀ síra títí di òpin oṣù tí wọ́n bá yí ti Lọ́ńdọ̀nù padà, nítorí náà màmá mi ní Ìbàdàn á mọ ìgbà tí àwọn yóò máa retí ìròyìn. Inú àfonífojì bíi ti Dadès, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí. A fi ẹnu kò pé bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ṣú tí a kò gbọ́ nǹkan, a óò pe òtẹ́ẹ̀lì tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà àwọn ọlọ́pàá ìgbèríko wọn, tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 177 bí ènìyàn bá wà nínú Mòrókò. Ó kọ nọ́ńbà gbogbo òtẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀ fún wa. Àwa náà ṣèlérí pé a kò ní máa pè é ní gbogbo wákàtí, torí ẹni tó ń gun ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ kò gbọdọ̀ máa ro fóònù tó ń dún lápò.

Mo ti ní ó ku ohun kan tí a kò tíì fi kọ́ wọn tó. Bàbá rẹ̀ fi ìka lé Tichka lórí máàpù, ó ní, "Ká ní o dé ẹsẹ̀ òkè yìí, tí wọ́n ti gbé igi dí ọ̀nà, kí lo máa ṣe?"

"Mo máa dúró, Dádì."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi ṣí i."

"Bí wọn ò bá ṣí i fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?"

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé àwọn máa dé Merzouga, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn níbi iṣẹ́ ti dáwó sí i, pé àwọn á máa gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ó ní, "Ó máa tì mí lójú láti padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Nínú ilé wa ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá pálá la ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má dójú tì wá, pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan kó parí rẹ̀, pé kí wọ́n má jẹ́ kí aráyé fi orúkọ ilé wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kọ́ rere ni, òun ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé nínú ayé òyìnbó tí kò rọrùn yìí, mi ò sì ní yí i padà. Ṣùgbọ́n lórí òkè, ẹ̀kọ́ yìí kan náà lè pa ọmọ bí a kò bá fi òmíràn tì í lẹ́yìn.

Ẹ wo bí jàm̀bá ṣe sábà máa ń wáyé. Marrakech sí Ouarzazate kò ju nǹkan bí 200 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin ni, láìka ìsinmi mọ́ ọn, torí kọ́nà lórí kọ́nà ni. Ẹni tó bá fi ojú ọ̀nà márosẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù wò ó á rò pé òun lè rin 400 lọ́jọ́ kan. Ọ̀sán á ti lọ, ó ṣì jìnnà, ó sì ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Kàkà kó dúró sí ìlú tó bá kàn, á ní kò burú, ó kù díẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú bá a lójú ọ̀nà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà láìní iná, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Tàbí kó dé odò gbígbẹ tí omi ti kún, kó ní àwọn kan sọdá ṣáájú òun. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àgbàrá ya ní agbègbè Tata lápá gúúsù Mòrókò, ó gbé ilé, ó gbé ọ̀nà, ènìyàn sì bá a lọ. Ní aṣálẹ̀, òjò lè rọ̀ sórí òkè tó jìnnà, kó má kán sí ibi tí o dúró sí, kí omi rẹ̀ sì dé bá ọ lójijì. Ẹni tí ìtìjú kò jẹ́ kó padà ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń gbé.

Nítorí náà a sọ ọ́ fún un lójúkojú, èmi àti bàbá rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa jẹ́ ti ẹnì kan: ibi yòówù kó dé, ọjọ́ yòówù kó jẹ́, bí ara rẹ̀ bá ní kó padà, kó padà. A kò ní bi í léèrè níwájú ènìyàn. A kò ní fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí ọmọ ẹlòmíràn tó débẹ̀ wé e. Ẹni tó bá pè wá nílé láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwa ni a óò dá a lóhùn. Omi lé ròrò sí i lójú, mo sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wa, kódà lórí ọ̀rọ̀ tí kò kan alùpùpù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Wọ́n yọ Essaouira, ìlú kan tó wà nínú ètò wọn tẹ́lẹ̀, kúrò pátápátá, torí apá ibòmíràn ló wà, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta tí kò ní iṣẹ́ kankan sí àárín ìrìn náà fún òjò, àárẹ̀ tàbí táyà tó bá jò. Wọ́n fi àmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti lè yí padà lórí máàpù, àti wákàtí tó gbẹ̀yìn tí wọ́n lè kọjá ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n fi ẹnu kò pé bí ẹnì kan nínú wọn bá ní ó tó, ó tó fún àwọn méjèèjì nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ó wá ku tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n á fi padà láti Santander ní Sípéènì. Èyí tí owó rẹ̀ kéré kò ṣeé yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Èyí tó ṣeé yí wọ́n jù ú lọ. Ọmọ wa fẹ́ mú èyí tí owó rẹ̀ kéré kó lè fi ìyókù ra kámẹ́rà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ akoto. Bàbá rẹ̀ ní kó mú èyí tó wọ́n, àwa san ìyàtọ̀ owó náà.

Bí ọmọ yín bá wá sọ irú ìrìn báyìí fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́kọ́ sọ pé rárá, ẹ má sì kọ́kọ́ sọ pé àmín. Ẹ ní kó tẹ́ máàpù náà síwájú yín. Ẹ bi í nípa ooru, nípa òtútù, nípa inṣọ́ránsì, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán. Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́, ẹ fi san tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yí padà, kí ẹ sì wí fún un ní ẹnu ara yín pé kò sí ibi tó dé tí kò lè padà sọ́dọ̀ yín.